Joan Eardley: Ṣé Ìyà Àwọn Ọmọ Glasgow Ló Fi Jẹun?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Àdùkẹ́ L.

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Mo lọ sí Edinburgh lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò lé wa wọ ilé àwòrán ìjọba. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwòrán àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, aṣọ wọn ti gbó, wọ́n ń ka ìwé àwòrán ẹlẹ́fẹ̀. Wọ́n kọ Joan Eardley sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní obìnrin ará Scotland ni. Àwòrán náà dára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Obìnrin tó kàwé, tó ti ilé rere wá, ó lọ jókòó sí àdúgbò àwọn tálákà, ó ya ọmọ ọlọ́mọ nínú àkísà, ó gbé e tà fún olówó. Kí ni ìyàtọ̀ òun àti àwọn tó ń gbé kámẹ́rà wá sí Makoko? Ta ni obìnrin yìí gan-an, kí ló sì dé tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

* * *

Ìyá Ọlọ́dà:

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú àbọ̀. Ìbéèrè yín wọ̀ mí lára. Glasgow ni mo ń gbé, ọdún kẹrìnlá mi rèé, ibi tí obìnrin yẹn ti ya àwọn ọmọ náà kò sì jìnnà síbi iṣẹ́ mi rárá. Bàbá mi ń kọ bọ́ọ̀dù, ó ń ya àwòrán sára mọ́tò ní Ìbàdàn títí ó fi kú, nídìí agolo ọ̀dà ni mo ti gbọ́njú. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i dáadáa.

Ẹ ní ilé rere ló ti wá. Ẹ dúró ná. Oko màlúù ni wọ́n bí i sí, ní Warnham ní ìpínlẹ̀ Sussex, ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1921. William bàbá rẹ̀ ti ja Ogun Àgbáyé Kìíní. Gáàsì olóró tí wọ́n tú sí wọn lójú ogun ba ara rẹ̀ jẹ́, ọkàn rẹ̀ náà kò sì bọ̀ sípò mọ́. Oko bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di ọdún 1929, bàbá náà pa ara rẹ̀. Joan kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Irene ìyá rẹ̀ kó òun àti Patricia àbúrò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní Blackheath ní London. Ogun kejì tún dé, wọ́n tún dìde, wọ́n gba Scotland lọ torí ibẹ̀ ni ìyá ní ẹbí sí, wọ́n sì dúró ní Bearsden lẹ́bàá Glasgow.

Ebi kò pa wọ́n, mo gbà. Àmọ́ ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kú, tí wọ́n ń gbé láti ilé ẹbí dé ilé ẹbí, kò yẹ kí á sọ pé kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìyà.

Ní ọdún 1940 ó wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà Glasgow, ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Hugh Adam Crawford ló kọ́ ọ níbẹ̀. Ó parí ní 1943, àwòrán tó ya nípa ara rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Guthrie. Lẹ́yìn èyí wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ó bẹ̀rẹ̀, kò bá a lára mu, ó pa á tì, ó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fi ti káfíńtà yìí sọ́kàn. Ó máa wúlò nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ òkun.

* * *

Ìyá Ọlọ́dà:

Bọ̀dá Lékan kọ̀wé pé kí á má tiẹ̀ pè é ní ará Scotland, pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, pé àwọn ará Scotland ló gbà á mọ́ra torí ó ti lókìkí. Àwọn bíi mẹ́ta ló ti bọ́ sẹ́yìn wọn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ yín tí ẹ bí sí Peckham ní London, tí ẹ bá mú un padà sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ọmọ ọdún 18, tí ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ó kú síbẹ̀, kí lẹ máa pè é? Ará Scotland ni ìyá rẹ̀. Gbogbo àwòrán tí a fi mọ orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ Scotland ló ti yà wọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán àgbà ní Edinburgh, Royal Scottish Academy, gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ kékeré ní 1955, wọ́n sì sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ gidi ní 1963. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti dáhùn ìbéèrè yín tipẹ́.

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, torí kì í ṣe ohun tí Àǹtí Àdùkẹ́ béèrè.

* * *

Ìyá Ọlọ́dà:

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á dé Townhead, àdúgbò Glasgow tó ti ya àwọn ọmọ náà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn pín sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ń sọ pé àánú ló ṣe é, pé ó fẹ́ fi ìyà wọn han ayé. Àwọn kejì ń sọ ohun tí Àǹtí Àdùkẹ́ sọ, pé ó ń fi wọ́n pawó. Èmi kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí nígbà yẹn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olókùúta tí èéfín èédú ti sọ di dúdú, ìdílé odindi nínú yàrá kan tàbí méjì, ilé ìgbẹ́ ní àtẹ̀gùn tí ìdílé mẹ́ta-mẹ́rin jọ ń lò. Ẹni tó bá gbé ilé ojúkojú ní Mushin rí kò nílò kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 1949 ni ó ti háyà yàrá iṣẹ́ láàárín ìlú, lẹ́yìn náà ó kó lọ sí òpópónà St James Road ní Townhead, sórí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ra irin àlòkù. Ojú títì yẹn gan-an ló ń yà. Ìdílé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ méjìlá. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kì í jáde nílé iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á gòkè wá, wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á máa jà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa sọ ohun tí wọ́n ṣe lónìí àti ẹni tó lù wọ́n. Òun á máa ya wọ́n lọ. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí téèpù pé bí wọ́n ṣe ń ṣe láàárín ara wọn ni wọ́n ń ṣe níwájú òun.

Báyìí ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ẹ máa lóye ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí.

Èmi náà ti jẹ́ ọmọ tí wọ́n ń yà rí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. A ń ṣeré lẹ́bàá gọ́tà níwájú ilé wa ní Bẹẹrẹ, èmi, àbúrò mi ọkùnrin, àti àwọn ọmọ ìyá oníkókó. Ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó fún wa ní bisikíìtì. Lẹ́yìn náà ó ní kí àbúrò mi bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sálúbàtà tuntun ni, ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á fún Iléyá. Àbúrò mi bọ́ ọ, ó fi ẹsẹ̀ lásán dúró nínú ẹrẹ̀, ọkùnrin náà yà á. Ó wọ jíìpù lọ. Kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo rí àwòrán yẹn lára kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ aláàánú kan, lára ògiri ọ́fíìsì tí mo lọ gbá ilẹ̀ rẹ̀. Àbúrò mi nìyẹn, láìní bàtà. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dúró níwájú àwòrán Eardley, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ wò. Wọ́n wọ bàtà. Bàtà ti gbó, ìbọ̀sẹ̀ ti já sílẹ̀ dé kókósẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà tí ìyá wọn wọ̀ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Súwẹ́tà pupa, súwẹ́tà aláwọ̀ búlúù, irun tí wọ́n so rìbọ́ǹnù mọ́. Ẹ̀gbọ́n gbé àbúrò, ẹ̀gbọ́n gbá àbúrò mọ́ra tó fi dà bí ẹni pé ara wọn lẹ̀ pọ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ ọmọ ọdún méje tó pọn ọmọ ọdún kan sẹ́yìn? Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n fajú ro. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ẹnu tí eyín ti yọ wà níbẹ̀, orí kunkun náà wà níbẹ̀.

Ó ti lọ sí Ítálì àti Paris ní 1948 sí 1949, owó ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi rán an. Ó ya àwọn alágbe àti àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti dára nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Nígbà tó padà dé Glasgow tó jókòó ti àdúgbò kan ṣoṣo fún ọdún gbọọrọ ni ojú rẹ̀ là. Ẹni tó ń yọjú láti inú jíìpù àti ẹni tó ti mọ èyí tó ń tọ̀ sílé nínú àwọn ọmọ náà, iṣẹ́ wọn kò lè jọra láé.

* * *

Àdùkẹ́ L.:

Mo ti ka tàbúrò yín, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn gan-an, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n owó ńkọ́? Ẹ kò sọ̀rọ̀ owó.

* * *

Ìyá Ọlọ́dà:

Ẹ jàre, mo fò ó.

Ohun tí àwọn ọmọ náà ń gbà kò ju kọ́bọ̀ díẹ̀ àti súìtì lọ. Owó tí wọ́n ń ta àwòrán wọn lónìí, ìdílé yẹn kò ní fojú kan irú rẹ̀ láyé wọn ní Townhead. Òdodo ni. Ohun kan tún wà tó ń dùn mí: ẹ ka àkọlé àwọn àwòrán náà. “Àwọn ọmọ òpópónà.” “Ọmọbìnrin kékeré.” “Ọmọ méjì.” Ìwọ̀nba ni èyí tó ní orúkọ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ó mọ orúkọ wọn o, ó mọ̀ wọ́n dáadáa. Kí ló ná an láti kọ ọ́? Èyí kò tọ́, bí mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ṣùgbọ́n kí á má sọ pé ó fi wọ́n di olówó. Ìgbà tó wà láyé, kò rí owó ńlá kan gbà. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kó lè jẹun. Ilé tó gbé ní Catterline, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí, ẹlòmíràn nínú wa kò ní gbà kí ọmọ ọ̀dọ̀ òun sùn níbẹ̀.

Àdúgbò Townhead yẹn kò sí mọ́. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni ìjọba ìlú wó o palẹ̀, wọ́n la ojú títì ńlá M8 gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Mo máa ń gba St James Road kọjá tí mo bá ń bọ̀ níbi iṣẹ́ alẹ́. Yunifásítì àti ilé gíláàsì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú àwọ̀ tó wà lára ògiri ibẹ̀, irú ohun tí àwọn ọmọ ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára rẹ̀, ọ̀dọ̀ Eardley ni yóò lọ. Ó ya ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì yẹn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, lẹ́tà wíwọ́, orúkọ tí wọ́n fi àmì kọjá lórí. Bàbá mi tó jẹ́ akọ̀wé bọ́ọ̀dù ì bá dúró síwájú èyí pẹ́.

* * *

Ìyá Ọlọ́dà:

Àbúrò mi kan tó pe ara rẹ̀ ní Dẹ̀júọ́lá kọ ọ́ síbí pé òun lọ wo àwọn àwòrán òkun rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ọ̀dà tí wọ́n dà sílẹ̀ lọ, pé ọmọ òun náà lè ṣe é.

Dẹ̀jú, ojú fóònù lo ti wò ó. Ìyẹn ni ìṣòro rẹ.

Catterline jẹ́ abúlé apẹja kékeré ní etí Òkun Àríwá, gúúsù Stonehaven. Ìlà ilé kan ṣoṣo ló dúró gbọọrọ lórí òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ oko, iwájú rẹ̀ bèbè tó já sílẹ̀ tààrà dé òkun. Bó ṣe dé ibẹ̀ gan-an jẹ́ ọ̀nà Ọlọ́run. Ní 1950 ó ń ṣe àfihàn àwòrán ní Aberdeen, ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀ bá a jà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbé e jáde lọ gba atẹ́gùn, wọ́n sì débẹ̀. Ọ̀rẹ́ yẹn ra ilé ìṣọ́ àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Watchie, ó jẹ́ kí ó máa lò ó. Lẹ́yìn náà ni Joan gba ilé kan fúnra rẹ̀ ní ìparí ìlà ilé, Nọ́ńbà 1. Kò sí iná mànàmáná. Kò sí omi ẹ̀rọ. Kò sí ilé ìgbẹ́. Òjò ń jò wọlé. Ibẹ̀ ni obìnrin yìí ti ń lo ìgbà òtútù, láàárín ilé yẹn àti Glasgow ló pín ayé rẹ̀ sí.

Tí ìjì bá ń bọ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ń ti fèrèsé, ìgbà yẹn ni òun ń jáde. Ó ní alùpùpù Lambretta kan, ó lè fò lé e láti Glasgow tó bá gbọ́ pé òkun ti ń ru. Àwòrán rẹ̀ kì í ṣe ìwé pẹlẹbẹ o, pátákó gígùn ni, òmíràn gùn ju apá méjèèjì lọ. Ẹ rántí iṣẹ́ káfíńtà? Ẹni tó ti kan ọkọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé pátákó nínú atẹ́gùn. Ó ń fi okùn àti òkúta so igi tó gbé àwòrán lé mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé e sọ sókun. Ó ń lo ọ̀dà tí wọ́n ń fi kun ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ọ̀dà olówó ńlá. Èyí ni mo fẹ́ kí o gbọ́, Dẹ̀jú: ọ̀dà ọkọ̀ kì í ṣe bákan náà. Ó ń ṣàn, ó ń dán, ó ń gbẹ ní awọ ara tirẹ̀. Bàbá mi máa ń dà á pọ̀ fún àwọn onímọ́tò tó ń rin ọ̀nà jíjìn, torí òjò kì í tètè bó o. Kí èèyàn mú un dání nínú òjò àti iyọ̀ òkun, kí ó tún darí rẹ̀ kó di ìgbì, kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń ṣe.

Mo dán an wò. Mo gbé pátákó kékeré kan lọ sí etíkun ní oṣù Kejì, atẹ́gùn kò tilẹ̀ tó ìjì. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ìka mi kò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́, ọ̀dà ń ṣàn sí ibi tí atẹ́gùn fẹ́, yanrìn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mo dúró níbẹ̀, mo sì ronú kan obìnrin yìí tó ń ṣe é láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, ní ojú ibì kan náà.

Yanrìn gan-an wà lára tirẹ̀. Koríko wà níbẹ̀. Ó ní àwòrán kan ní 1960, koríko àti òdòdó oko ìgbà ìparí ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ilé àwòrán Edinburgh ló wà. Tí o bá sún mọ́ ọn, wàá rí èèhù koríko gidi àti irúgbìn tó lẹ̀ mọ́ inú ọ̀dà. Ó ya oko náà, ó tún fi oko náà yà á. Fóònù kò lè fi ìyẹn hàn ọ́, ọmọ mi.

* * *

Ọmọ Ayétòrò:

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ìlàjẹ ni mí, apẹja ni bàbá mi. Òkun tí à ń sọ yìí ti gbé ilé bàbá mi lọ ní Ayétòrò. Lójú tiwa, òkun kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dúró wò. Ṣé àwọn apẹja ibẹ̀ kò kà á sí wèrè?

* * *

Ìyá Ọlọ́dà:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ Ayétòrò. Mo ti rí fídíò ilé tí omi ń jẹ lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ yín wúwo ju gbogbo ohun tí a ti ń sọ lọ.

Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Kò ya òkun bí ẹni tó wá gbafẹ́. Ẹ wo “Ìgbì” tó yà ní 1961: kò sí ojú ọ̀run tó dára níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ funfun, ògiri omi ló dojú kọ ọ́, tó ń bọ̀. Ẹni tí ẹ̀rù òkun ń bà ló lè ya irú rẹ̀. Ó sì ya iṣẹ́ àwọn apẹja náà. Ẹja salmon ni wọ́n ń pa níbẹ̀, àwọ̀n tí wọ́n nà sórí òpó gígùn kó gbẹ. Ó ya àwọn òpó àwọ̀n yẹn léraléra, ọ̀kan wà ní ilé àwòrán Tate ní London. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ máa mọ̀ pé ẹni tó yà á mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn.

Èèyàn díẹ̀ ló ń gbé abúlé náà. Wọ́n mọ̀ ọ́n, ó ń bá wọn gbé, kì í ṣe àlejò òpin ọ̀sẹ̀. Ilé kejì tó wá rà níbẹ̀, Nọ́ńbà 18, fi hàn pé kò ní in lọ́kàn láti lọ.

* * *

Ìyá Ọlọ́dà:

Ẹnì kan béèrè nípa àwòrán ọkùnrin oníhòhò tí Eardley yà. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ní kíákíá kí á lè padà sójú ọ̀rọ̀.

Ní 1955 ó ya Angus Neil, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ayàwòrán, tí wọ́n ti pàdé ní Hospitalfield, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán ní Arbroath, ní 1947. Ó sùn gbalaja sórí ibùsùn, ara rẹ̀ gbẹ, egungun ìhà rẹ̀ hàn. Ìwé ìròyìn pariwo nígbà tó gbé e síta ní Glasgow, torí obìnrin ló yà á. Látìgbà táláyé ti dáyé ni àwọn ọkùnrin ti ń ya obìnrin níhòhò tí ẹnikẹ́ni kò pariwo. Àwòrán náà kò ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ kankan nínú. Ọkùnrin tó rẹ̀ ni, tí òtútù ń mú. Angus ní àìsàn ọpọlọ, Joan sì tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ìyá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi tí mo ń tọ́jú àwọn aláìlera ṣiṣẹ́, mo mọ irú ojú tí wọ́n fi ya ara yẹn. Ojú ẹni tó ń wẹ aláìsàn ni.

* * *

Ìyá Ọlọ́dà:

Mo ti jìnnà sí apá kejì ìbéèrè Àǹtí Àdùkẹ́: kí ló dé tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Àwọn kan níbí ti sọ pé torí obìnrin ni. Ó wà lára rẹ̀. Bọ̀dá Lékan ní torí Scotland ni, pé ohun tí London kò bá gbé lárugẹ kì í jáde. Èyí náà wà lára rẹ̀, mo gbà fún wọn lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ní Scotland gan-an, wọn kò gbàgbé rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó lé ní àádọ́ta ọdún ní Glasgow. Òde Scotland ni òkùnkùn wà.

Ohun tó tóbi jù ni ikú. Ní ọdún 1963 tí ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, tí Academy ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ gidi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àfihàn ní London ní oṣù Karùn-ún, jẹjẹrẹ ọyàn ti wà lára rẹ̀, ó ti gòkè dé ọpọlọ. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ló kú ní ilé ìwòsàn Killearn. Ọmọ ọdún 42. Wọ́n da eérú ara rẹ̀ sí etíkun Catterline.

Ọdún 42. Àwọn ayàwòrán ọkùnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ṣì ní ọgbọ̀n, ogójì ọdún níwájú láti fi kọ́ orúkọ. Mo ní obìnrin méjì níbi iṣẹ́ mi tí àrùn yìí mú lọ́jọ́ orí kan náà. Nígbà tí mo ka ọjọ́ orí rẹ̀, mo pa ìwé náà dé, mo lọ jókòó sínú kíṣìnnì.

* * *

Àdùkẹ́ L.:

Ẹ ṣeun, Màmá. Inú tó bí mi kò tíì tán pátá, ṣùgbọ́n ó ti yí padà. Tí mo bá wá sí Glasgow lóṣù tó ń bọ̀, ibo ni kí n ti wò ó? Ẹ jẹ́ kí n padà wo ojú àwọn ọmọ yẹn dáadáa.

* * *

Ìyá Ọlọ́dà:

Kelvingrove, ilé àwòrán ńlá ìlú Glasgow, ni kí ẹ lọ. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó wá, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ ohun tí wọ́n gbé kọ́. Tí n kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, a jọ máa lọ.

Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní “Ọmọ Méjì”. Iṣẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn nípa àwọn ọmọ Townhead ni, kò parí rẹ̀ kí ó tó kú. Ọmọbìnrin méjì dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọ̀ pupa gbóná lẹ́yìn wọn. Ẹ kọ́kọ́ jìnnà sí i, ẹ máa rò pé ọ̀dà ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ sún mọ́ ọn títí ẹ̀ṣọ́ á fi máa wò yín. Bébà ìwé ìròyìn wà nínú rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n fi ọ̀dà kọjá lórí rẹ̀. Bébà súìtì náà wà níbẹ̀, èyí tó ń dán bíi fàdákà, tí ọwọ́ ti rún. Bébà gidi ni. Súìtì tó wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ti jẹ ẹ́.